Òrùlé Bọ́ọ̀sì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bá Wí

Ìbéèrè: Ifọ̀n ni mo ń gbé, aṣọ òkìrìkà ni èmi àti ìyàwó mi sì ń tà. A ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan tí a fi ń ná ọjà kiri, inú rẹ̀ ni a sì ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú wa sí Ìdóàní tàbí Ọ̀wọ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù kì í jẹ́ kí a sùn. Bí ó bá di oṣù Kẹta, ooru a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo fẹ́ lẹ rọ́ọ̀gì mọ́ ara páànù rẹ̀ yíká fún ọyẹ́, kí n sì máa ṣí i kúrò bí ooru bá dé. Ọ̀pá mélòó ni yóò tó, irú rọ́ọ̀gì wo ni ó sì dára jù?

Ìdáhùn: Mo kí yín, mo sì kí ìyàwó yín ní pàtàkì, nítorí obìnrin tí ó bá ọkọ rẹ̀ ná ọjà tọ̀sán-tọ̀sán, tí ó tún bá a sun inú ọkọ̀ lóru, kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ti ń bá àbúrò wí. Iye ọ̀pá rọ́ọ̀gì ni ẹ béèrè; ẹ kò béèrè ibi tí ooru ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò béèrè ibi tí èémí ènìyàn méjì yóò gbà jáde láti alẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́.

Àṣìṣe tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yín, èyí tí ẹ kò dá nìkan ṣe, ni pé ẹ rò pé ohun tí ń lé òtútù ni ń pe ooru, tí ó fi jẹ́ pé dandan ni kí ẹ wọ ẹ̀wù fún bọ́ọ̀sì yín ní ìgbà kan, kí ẹ sì bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ ní ìgbà mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo kúlà tí àwọn obìnrin ń kó omi dídì sí ní Ọjà Ọba lónìí, tí wọ́n sì ń bu ìrẹsì gbígbóná sí níbi ìnáwó lọ́la: kúlà kan náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì yí inú rẹ̀ padà. Kò dá ooru sílẹ̀, kò sì dá òtútù sílẹ̀. Ìdènà lásán ni, tí kì í jẹ́ kí ti inú tètè jáde, tí kì í sì í jẹ́ kí ti ìta tètè wọlé. Afẹ́fẹ́ wínníwínní tí a sé mọ́ inú fọ́ọ̀mù rẹ̀, tí kò ráyè rìn, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fi sí ara bọ́ọ̀sì yín nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe ṣí i bí oṣù Kẹta bá dé, nítorí ìgbà náà gan-an ni yóò wúlò fún yín jù.

Irin, ohun Ògún Lákáayé, ń ṣe ọmọ aráyé lóore púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń dá ooru dúró. Ooru tí ń la irin bọ́ọ̀sì kọjá fi ìlọ́po tí ó lé ní 1,000 ju èyí tí yóò la fọ́ọ̀mù tí ó nípọn bákan náà kọjá, ó sì fi nǹkan bí ìlọ́po 300 ju ti pákó lọ. Nítorí èyí ni mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀ bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ èrò onípákó ayé àtijọ́, títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ayé ọkọ̀ Bedford, ẹ́ńjìnnì àti egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun ń kó ránṣẹ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ kọjá láàárín èrò. Ó ń gbo ènìyàn bí ó ti ń lọ, eruku rẹ̀ kò sì kéré, àmọ́ pákó orí rẹ̀ kì í jó ènìyàn. Àwọn ará Jámánì pàápàá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì Volkswagen ní 1950, kò jẹ́ kí ó pẹ́ tí ilé iṣẹ́ Westfalia fi ń tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀ ní 1951, pákó ni wọ́n sì fi ń ṣe àpótí àti ohun èlò inú rẹ̀. Nígbà tí irú ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, a sọ ọ́ di dáńfó, a to ìjókòó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, a sì fi páànù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan láti Ọ̀wọ̀ yóò sọ pé ògiri amọ̀ àwọn baba wa ju pákó lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ògiri amọ̀ tí ó nípọn a máa gba ooru ọ̀sán mọ́ra, a sì máa pẹ́ kí ó tó tú u sínú ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ògiri lé orí táyà? Ẹni tí ó bá sì ti wọ ààfin Ọlọ́wọ̀ rí yóò jẹ́rìí pé amọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú ibẹ̀ tutù. Àwọn àgbàlá lóríṣiríṣi tí wọ́n ń pè ní ùghà, tí wọ́n la ojú sí ọ̀run, ni ooru ń gbà gòkè lọ. Bọ́ọ̀sì yín náà nílò ùghà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà dá ihò kan sí òrùlé, kí ó ṣe ìdérí tí òjò kò lè gbà wọlé fún un, kí ó sì dá òmíràn sí ìsàlẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo méjèèjì nítorí ẹ̀fọn, ẹ má sì dí wọn pa, kódà nígbà ọyẹ́.

Òrùlé yìí ni olórí ọ̀tá yín. Páànù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ lè gbóná ju 60 lọ ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, orí yín sì ni yóò máa da ooru náà sí. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti í mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ: ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun kun orí rẹ̀, nítorí funfun ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtànṣán oòrùn padà, ó sì rọ̀ lápò ju gbogbo ohun tí ó kù fún mi láti sọ lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lẹ fọ́ọ̀mù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, mọ́ abẹ́ òrùlé àti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó tó. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ bò ó dáadáa, nítorí iná tètè ń ràn mọ́ ọn. Dígí iwájú ńkọ́? Ìta ni kí ẹ ti bò ó; oòrùn tí ó bá ti la dígí kọjá ti di àlejò yín.

Ní ti rọ́ọ̀gì, ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, ọ̀rinrin èémí yín yóò gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì di omi lára irin tútù ní òru tí òjò bá rọ̀; rọ́ọ̀gì yóò fa omi náà mu, yóò máa rùn, irin ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa dógùn-ún láìjẹ́ pé ẹ rí i. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà ṣàn jáde.

Ẹ kò sọ pé ẹ ń dáná sínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí òtútù ọyẹ́ lè mú ènìyàn ṣe. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ inú bọ́ọ̀sì, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń bá èéfín wọn jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tí ó bá sì ti sùn kì í mọ ìgbà tí ó ń pa òun. Ìbora méjì tí ó nípọn, ibùsùn tí ó ga kúrò nílẹ̀, ó parí.

Ẹ má tíì pe gbẹ́nàgbẹ́nà o. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Nítorí náà, ẹ gbé bọ́ọ̀sì náà sí ìta ní ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ibi tí ó bá ti ń jò. Wẹ́dà ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ọ̀dà tẹ̀ lé e, kí fọ́ọ̀mù àti pákó tó dé.