Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Àtẹ Iye Ìgbà àti Hísítógíráàmù Lórí Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́: Ìṣirò
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80

Èròǹgbà
Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè:
1. pín ìdáhùn sí ọ̀wọ́ tí kò wọnú ara wọn;
2. fi SPSS, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà, ṣe àtẹ iye ìgbà àti hísítógíráàmù;
3. sọ ohun tí àwòrán náà fi hàn tí ìpíndọ́gba fi pamọ́.

Ohun èlò ìkọ́ni
Kọ̀ǹpútà tó ní SPSS, ìwé ìbéèrè, pátákó ìkọ̀wé. Ilé-ìwé tí owó SPSS bá wọ́n jù fún lè fi PSPP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe àtẹ náà.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá
Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí a ṣe ń wá ìpíndọ́gba.

Ìfáárà
Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ẹkùn márùn-ún tó para pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó. Títì tó gba Ìtòkín kọjá ló so wọ́n pọ̀. Ní agbègbè yìí, ọmọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà á fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé. Ọmọ etí ọ̀sà á kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, á tún wá kòrópè wọ̀. Olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì: "Ìṣẹ́jú mélòó lo máa ń lò kí o tó dé ilé-ìwé?" Kálukú kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Títún ìdáhùn yẹ̀ wò
Ọmọ kan lè kọ "wákàtí 1". Bí a bá tẹ 1 wọlé, ìṣẹ́jú kan ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí, ọmọ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà á sì di ará ẹ̀yìnkùlé ilé-ìwé. 60 ni kí a tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Títẹ dátà wọlé
Ní "Variable View", kọ orúkọ "iseju" láìsí àmì ohùn. Ní "Data View", ìlà kan ni fún akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Àtẹ iye ìgbà
Lọ sí "Transform", yan "Recode into Different Variables", kí o pín ìṣẹ́jú sí ọ̀wọ́ tuntun tí ń jẹ́ "owo". Bí àpẹẹrẹ, 15 kò gbọdọ̀ wà nínú ọ̀wọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, lọ sí "Analyze", "Descriptive Statistics", "Frequencies". Olùkọ́ ló ṣẹ̀dá iye ìsàlẹ̀ yìí fún ìkọ́ni:

| Ìṣẹ́jú | Iye akẹ́kọ̀ọ́ | Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún |
|---|---|---|
| 0–14 | 12 | 30 |
| 15–29 | 10 | 25 |
| 30–44 | 3 | 7.5 |
| 45–59 | 9 | 22.5 |
| 60–74 | 6 | 15 |
| Àpapọ̀ | 40 | 100 |

Bí àpapọ̀ kò bá pé 40, ìdáhùn kan ti sọnù. Ẹ padà lọ wá a.

Ìgbésẹ̀ 4: Hísítógíráàmù
Karl Pearson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún àwòrán yìí lórúkọ ní àwọn ọdún 1890. Àwọn òpó rẹ̀ máa ń fara kan ara wọn, torí pé àkókò kì í já láàárín. Nínú "Frequencies", tẹ "Charts", yan "Histograms". "iseju" ni kí o lò, kì í ṣe "owo". Kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ yan fífẹ̀ òpó. Tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, tẹ àwọn òpó náà, lọ sí "Binning", kí o fi fífẹ̀ sí 15, kí ìbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ 0.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíka àwòrán
Tí a bá fi àárín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣírò, ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 32. Ẹ wo àtẹ: ọmọ mẹ́ta péré ló wà nínú ọ̀wọ́ tí 32 bọ́ sí! Òkè méjì ni àwòrán fi hàn, ọ̀kan fún àwọn tó wà nítòsí, ọ̀kan fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ wá sọ fífẹ̀ òpó di 45: òpó méjì péré ló kù, 25 àti 15, òkè kejì sì pòórá. Ẹni tó yan fífẹ̀ òpó ló ń pinnu ohun tí òǹkàwé máa rí, nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tó fi yàn án.

Ìgbéléwọ̀n
1. Kí ló dé tí òpó hísítógíráàmù fi ń fara kan ara wọn?
2. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Fi ìdáhùn kíláàsì rẹ ya hísítógíráàmù méjì, ọ̀kan pẹ̀lú fífẹ̀ 10, èkejì pẹ̀lú 30. Kọ ìpínrọ̀ kan sí ọ̀gá ilé-ìwé lórí aago tó yẹ kí ilé-ìwé máa wọlé, kí o sì sọ èyí tí o gbára lé nínú àwòrán méjèèjì àti ìdí rẹ̀.