Síso Àká Fáìlì Mọ́ Kọ̀ǹpútà Nígbà Tí A Bá Tan Án: Àgbéyẹ̀wò Fáìlì fstab

Ìfáárà

Púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ń fi ìjálá, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà tí a gbà sílẹ̀ pamọ́ sínú díìsìkì ọ̀tọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, àká fáìlì inú díìsìkì bẹ́ẹ̀ ní láti di síso mọ́ fódà kan kí a tó lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Fáìlì /etc/fstab ni ẹ̀rọ ń kà, bí a bá tan án, láti mọ ohun tí yóò so àti ibi tí yóò so ó mọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àṣìṣe ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì náà lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró.

Ìhun Ìlà

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní abala 6. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

UUID=6a1d2c4e-90b7-4f35-8e12-7bc05d9a41f3 /srv/ohun ext4 defaults,nofail 0 2

Abala kìíní ni orúkọ àká. Ìkejì ni fódà tí a so ó mọ́. Ìkẹta ni irú àká náà. Ìkẹrin ni àwọn àṣẹ ìsopọ̀. Ìkarùn-ún wà fún ètò dump. 0 fi hàn pé a kò lò ó. Ìkẹfà ni ipò àyẹ̀wò: 1 fún àká gbòǹgbò, 2 fún àwọn yòókù, 0 bí a kò bá fẹ́ àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Orúkọ bíi /dev/sdb1 fara jọ Táíwò àti Kẹ́hìndé: bí a ṣe ń dé ni a ṣe ń jẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń tún ìdé wọn kà, nítorí náà sdb òní lè di sdc lọ́la. UUID ni orúkọ àbísọ. Ọjọ́ tí a dá àká náà ni a sọ ọ́, kì í sì í yí padà bí a kò bá tún àká náà dá.

Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Àwọn Yorùbá ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. A kọ ìlà tiwa nígbà kan láìfi nofail sí i. Ẹnì kan yọ díìsìkì lọ sí kíláàsì. Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ẹ̀rọ dúró dè é fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì bọ́ sí ipò pàjáwìrì. Díìsìkì kò bàjẹ́, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ìlà kan ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Àṣẹ nofail ni kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ bí díìsìkì kò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀: ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò bọ́ sínú díìsìkì àgbà láìfura. Nítorí náà, kí a fi findmnt wò ó kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìkádìí

Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fstab. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ó lo findmnt --verify, lẹ́yìn náà sudo mount -a, kí ó tó pa ẹ̀rọ. Àṣìṣe tí a bá rí nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní títàn rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí a bá bá pàdé níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ.