Owó ibí, gbèsè òkèèrè: Ẹ̀kọ́ tí erékùṣù Iceland kọ́ wa lọ́dún 2008

Ẹni tó bá ti ra orí pańla gbígbẹ rí, èyí táwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, onítọ̀hún ti lè bá orílẹ̀-èdè Iceland dòwò pọ̀ láìmọ̀. Erékùṣù ni Iceland, inú agbami òkun Àtìláńtíìkì ló wà, lápá àríwá níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Báwọn èèyàn ibẹ̀ bá pa ẹja, wọ́n á ta ẹran ara rẹ̀ fáwọn òyìnbó Yúróòpù. Orí àti egungun tó bá kù, wọ́n á fi ooru tó ń tinú ilẹ̀ wọn jáde gbẹ ẹ́. Nàìjíríà wa níbí sì ni ọjà tó ń ra orí ẹja gbígbẹ wọn náà jù lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, Iceland wà lára àwọn tí ìyà náà kọ́kọ́ jẹ, tó sì jẹ wọ́n dójú ẹ̀. Báńkì ńlá mẹ́ta tí wọ́n ní wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ká wo ohun tó gbé wọn ṣubú àti ohun tó gbé wọn dìde, nítorí ohun kan náà lè gbé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ṣubú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 2008, gbogbo èèyàn tó wà ní Iceland kò ju nǹkan bí 320,000 lọ. Àwọn tó ń gbé Mushin nìkan ní ìpínlẹ̀ Èkó pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa. Ẹja pípa ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun látọjọ́ tó ti pẹ́. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ ẹja ṣeré rárá, àní láàárín ọdún 1958 sí 1976, léraléra ni wọ́n bá ìlú ọba Gẹ̀ẹ́sì fa wàhálà lórí omi nítorí ibi tí oníkálùkù ti lè pẹja.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú, ìjọba ta àwọn báńkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fáwọn aládàáni. Glitnir, Landsbanki àti Kaupthing ni orúkọ àwọn báńkì mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù. Owó pọ̀ ní àgbáyé nígbà náà, èlé rẹ̀ sì kéré. Làwọn báńkì yìí bá ń yáwó nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi ra ilé-iṣẹ́ káàkiri Yúróòpù. Kó tó di pé wàhálà dé lọ́dún 2008, ohun tó wà nínú ìwé ìṣirò báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó ìlọ́po 10 ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún kan. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí iná bá ran báńkì, omi tó wà nínú ìkòkò ìjọba kò lè pa á.

Ibi tó kan mẹ̀kúnnù nìyí. Króna ni owó tí wọ́n ń ná ní Iceland. Èlé orí króna ga, ṣùgbọ́n èlé orí yẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ Japan àti owó ilẹ̀ Switzerland kéré. Àwọn tó ń yáni lówó wá ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi owó òkèèrè wọ̀nyí ṣírò gbèsè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ní króna ṣe ń ra mọ́tò àti ilé ní gbèsè owó tí kò rí sójú rí. Èlé kékeré ni wọ́n wò, wọn ò wo orí gbèsè fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan péré

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, báńkì Lehman Brothers ní Amẹ́ríkà kógbá wọlé. Láti ọjọ́ náà, báńkì kò yá báńkì lówó mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé gbèsè tuntun ló fi ń san gbèsè àtijọ́, ọ̀nà ti dí mọ́ ọn nìyẹn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, olórí ìjọba Iceland, Geir Haarde, bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi àdúrà parí rẹ̀ pé kí Ọlọ́run bù kún Iceland. Àwọn tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba gba Landsbanki àti Glitnir. Nígbà tó di ọjọ́ 9, Kaupthing náà lọ.

Króna bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nǹkan bíi króna 62 ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Nígbà tọ́dún fi máa parí, ó ti tó nǹkan bí 120. Ọjà gbówó lórí, báńkì àpapọ̀ wọn gbé èlé lọ sí ìdá 18 nínú 100, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹnì kan ra mọ́tò tí iye rẹ̀ jẹ́ króna mílíọ̀nù 3, tí wọ́n sì fi owó òkèèrè kọ gbèsè rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí iye owó òkèèrè náà di ìlọ́po méjì, gbèsè ọ̀hún di króna mílíọ̀nù 6, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún kò yá kọ́bọ̀ lé e. Owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Mọ́tò ń gbó lọ, gbèsè rẹ̀ ń sanra. Àwọn ará ibẹ̀ tiẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n yí orúkọ mọ́tò Range Rover padà sí "Game Over", ìyẹn ni pé eré ti parí.

Ilé oúnjẹ méjì, ọ̀nà méjì

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò kékeré gbọ́ rèé. Ilé oúnjẹ McDonald's mẹ́ta ló wà ní Iceland nígbà náà. Ọmọ ilẹ̀ náà ló ni iṣẹ́ náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn ló kàn ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àṣẹ wọn. Ìlú òkèèrè ló ti ń kó ẹran, wàràkàṣì, ewébẹ̀ àti páálí tí wọ́n fi ń di oúnjẹ wá, pàápàá láti Jámánì. Nígbà tí króna wálẹ̀, owó tó fi ń ra nǹkan wọ̀nyí fẹ́ẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá sì fowó lé oúnjẹ, àwọn tó ń ta irú oúnjẹ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ra ẹran àti ewébẹ̀ wọn lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilé, owó tiwọn kò fò bẹ́ẹ̀. Kò sí bó ṣe lè bá wọn dù ú.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ó ti McDonald's mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé. Ó fi orúkọ tuntun, Metro, pe ilé oúnjẹ náà, ó sì ń ra ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Iceland. Orúkọ ńlá lọ, iṣẹ́ kù.

Ohun tó gbé wọn dìde

Ìjọba Iceland kò lágbára láti san gbogbo gbèsè táwọn báńkì jẹ lókèèrè, kò sì san án. Owó táwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi pa mọ́ ni wọ́n dáàbò bò. Àjọ àyánilówó lágbàáyé, IMF, yá wọn ní bílíọ̀nù dọ́là 2.1, ìjọba sì fòfin de kíkó owó jáde kúrò nílùú. Òfin yìí kò kásẹ̀ nílẹ̀ tán títí di ọdún 2017. Àwọn ará ìlú lu ìkòkò àti abọ́ lójú pópó títí ìjọba Haarde fi kúrò níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá báńkì mélòó kan rẹ́wọ̀n he. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dájọ́ pé kò bófin mu láti fi owó òkèèrè ṣírò gbèsè mọ́tò tí wọ́n yáni ní króna. Ara tu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àmọ́ ẹjọ́ kì í bọ́ ìlú. Ohun tó bọ́ wọn ni ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ tí àjèjì ń fẹ́. Ẹja ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Yúrò àti pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń sanwó ẹja wọn, nítorí náà, bí króna ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹja ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣàkíyèsí o: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja náà jẹ gbèsè òkèèrè bíi ti ẹni tó ra mọ́tò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó òkèèrè ló ń wọlé fún wọn. Irú owó tí wọ́n jẹ ni irú owó tí wọ́n ń pa.

Ìkejì ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ìlú tó wọ́n bí ojú tẹ́lẹ̀ ti wá rọrùn fún àjèjì láti náwó sí. Lọ́dún 2010, àwọn àlejò tó wá kò tó 500,000. Nígbà tó di ọdún 2017, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 2. Àwọn tó ń gba àlejò sílé, àwọn tó ń wa mọ́tò àtàwọn tó ń se oúnjẹ, gbogbo wọn ló rí tiwọn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan kì í rìn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn àlejò já wálẹ̀, wọn ò tó 500,000 mọ́. Ẹja ṣì wà ní tiẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti pa ọkọ̀ ẹja tì nítorí àlejò ni, ọ̀rọ̀ ì bá tún di bíi ti 2008.

Èwo ló kàn wá níbẹ̀?

Náírà náà ti kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 750 ni dọ́là kan lójú pópó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ ní kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́, nígbà tó sì di ọdún 2024, dọ́là kan ti ju náírà 1,500 lọ. Ká ní atẹ̀wé kan ní Ṣómólú ra ẹ̀rọ àwìn ní 4,000 dọ́là. Mílíọ̀nù 3 náírà ló rò pé òun jẹ, ó ti di mílíọ̀nù 6 kó tó san án tán. Bíi ti ará Iceland yẹn gẹ́lẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kan kalẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ní apá kan, ẹ kọ owó tó ń wọlé fún yín àti irú owó tó jẹ́. Ní apá kejì, ẹ kọ gbèsè àti ọjà tí iye wọn ń tẹ̀lé dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà lẹ fi ń san án. Bí apá kejì bá wúwo ju apá kìíní lọ, ewu ń bẹ.

Ẹ má ṣe gba àwìn dọ́là nítorí pé èlé rẹ̀ kéré, bí kì í bá ṣe dọ́là ló ń wọlé fún yín. Ẹ wá ohun kan, ó kéré tán, nínú ẹrù yín tí ẹ lè máa rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é nílé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀, torí ọjọ́ tí ogun bá dé kọ́ là ń wá ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ní ohun tí ará òkèèrè lè rà, ì báà jẹ́ àdìrẹ, gàrí tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Orí ẹja táwọn òyìnbó ò fẹ́ jẹ lówó wà nínú ẹ̀ fún Iceland títí dòní.

Ọjà á tà o, a ò ní jẹ gbèsè tí apá wa ò ní í ká.