Bí A Ṣe Lè Ran Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Nínú Eré Ìdárayá

Bíbélì kíkà: Sekaráyà 8:1-5, 2 Tímótì 2:1-7

Nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń ṣe àpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run bùkún fún, ó mẹ́nu kan àwọn ọmọdé tí ń ṣeré ní ìgboro. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó dárúkọ ọmọkùnrin, ó sì dárúkọ ọmọbìnrin pẹ̀lú. Nínú ilé tiwa ńkọ́? Bí ọmọkùnrin bá ti ilé ìwé dé, á ju àpò sílẹ̀, ó di orí pápá. Arábìnrin rẹ̀ ni yóò fọ abọ́, tí yóò pọn omi, tí yóò sì tún kiri ọjà. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, eré ti tán fún un. Àwa náà ni a ó tún máa sọ pé kò fẹ́ràn eré.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin rí ọmọ bí lọ́la. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni pé, bí ó bá ń sáré púpọ̀ tí kò sì jẹun tó, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Kí a fi kún oúnjẹ rẹ̀, kí a sì mú un lọ rí dókítà.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù, ìyá òun àgbà ni ó dúró ti òun. Ní 2014, ní ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Kánádà, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ. A kò sọ èyí kí a lè máa retí owó òkè òkun o. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò ní di olókìkí, kò sì burú. Ara líle, ọ̀rẹ́ rere, àti mímọ bí a ti ń pàdánù láì bínú, èrè ni.

Nítorí náà, kí a pín iṣẹ́ ilé fún ọkùnrin àti obìnrin. Kí ọmọ mú omi lọ sí pápá. Bí ó bá ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí ó bá fi orí gbá nǹkan, tí ó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kíákíá. A lè máa gbàdúrà lọ lọ́nà. Kí a mọ kóòṣì, kí a sì mọ ẹni tí ń mú ọmọ wa wálé. Kóòṣì tí ó bá ní kí ọmọ fi nǹkan pamọ́ fún ìyá rẹ̀, kí a gba ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a bá sì lọ wòran, kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ìyá tí ń bú rẹfirí, ọmọ rẹ̀ ni ojú ń tì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo: gígé ọjọ́ orí kù. Òbí mìíràn a lọ sí kọ́ọ̀tù, a búra pé ọmọ ọdún 17 jẹ́ ọmọ ọdún 14. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé ẹni tí kò bá tẹ̀lé òfin ìdíje kò ní gba adé. Ní 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọjọ́ orí tí kò bára mu. Láti ìdíje àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2009 ni wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ sí, ṣé ìyá tí ó rọbí ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ láti purọ́ nípa ọjọ́ tí ó bí i?

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ta ni ń fọ abọ́ nílé wa, ta ni ó sì wà ní pápá? Ta ni nínú wa ni ó mọ orúkọ kóòṣì ọmọ rẹ̀?