Fọ́tòkọ́pì nínú ẹjọ́ ìpànìyàn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, sà, àbúrò mi ń jẹ́jọ́ ìpànìyàn. Fọ́tòkọ́pì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ ní tẹ́ṣàn ni agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ mú wá. Ṣé adájọ́ lè gbà á?
Òǹkàwé, Bariga

Ìdáhùn: Fọ́tòkọ́pì lásán kò tó. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fẹ́ ojúlówó ìwé, nítorí ó rọrùn láti yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀dà tàbí kí a fi kún un. Bí ìwé bá jẹ́ ti ìjọba, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí, orúkọ àti ipò òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti fi ìlànà ìfọwọ́sí yìí múlẹ̀ kí òfin náà tó jáde, lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ Araka àti Egbue.

Ìwé aládàáni yàtọ̀: bí ojúlówó bá sọnù tàbí tó jóná, ẹ̀dà lè wọlé, bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:
1. Ẹ ní kí lọ́yà yín béèrè ojúlówó, kó sì takò ẹ̀dà náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un jáde.
2. Bí wọ́n bá lu àbúrò yín kó tó sọ̀rọ̀, ẹ tètè sọ fún lọ́yà, kó lè takò ọ̀rọ̀ náà.
3. Ẹ tọ́jú ojúlówó ìwé tiyín.

Ẹ̀mí wà nínú ẹjọ́ yìí, ẹ má dá a ṣe. Bí kò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ sí Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó tàbí Legal Aid Council. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbèjà aláìní.