Ẹni Tó Dá Dúró àti Anìkànjọpọ́n

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìwà
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: 40 ìṣẹ́jú

Èròǹgbà

Kí agogo tó lù, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè wo ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì béèrè pé: ta ló ń san gbèsè ohun tó yàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ni àbí ẹlòmíì?

Ìfáárà

Olùkọ́ ka èyí sí wọn létí: Kíláàsì kan ń dáwó jọ kí alábòójútó ìdánwò lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọbìnrin kan ní òun kò dá, òun kò sì ní jíwèé wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní anìkànjọpọ́n ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á sí. Ariwo máa sọ, kò burú. Ẹni tó bá ní ọmọ náà kó bá wọn, kó dìde, kó sọ ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Táí Ṣólàárín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ṣòkòtò. Ṣólàárín (1922–1994), ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kàwé dé Yunifásítì Manchester, síbẹ̀ ṣòkòtò péńpé kakí àti fìlà ló fi ń jáde láàárín àwọn alágbádá àti oníkóòtù. Bí kíláàsì bá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn, kí ẹ wá sọ fún wọn pé ṣòkòtò kọ́ là ń kọ́ lónìí. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ayé máa wo òun náà lè wọ péńpé.

Nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fẹ́ yọ ẹ̀sìn kúrò nínú ètò ilé-ìwé. Àwọn onílé-ìwé kò gbà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, òun àti Sheila aya rẹ̀ sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń jẹ nínú ohun tí wọ́n gbìn. Kò yéé bá ìjọba ológun wí nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní 1984. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: iṣẹ́ bọ́, ó ṣẹ̀wọ̀n. Ọrùn òun fúnra rẹ̀ ló fi ru ẹrù náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Baṣọ̀run Gáà

Ẹ má pẹ́ níbí, wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Agbára tí Ọ̀yọ́ fún Baṣọ̀run láti fi dá ọba tó bá ṣi agbára lò lẹ́kun, Gáà sọ ọ́ di tara rẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ pé 130 ọjọ́ péré ni Aláàfin Awọ́nbíojú lò lórí ìtẹ́, torí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Gáà, ìjòyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ní, “Gáà náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, òun náà dá dúró.” Kò dá dúró. Ẹni tó jẹ́ pé ọba gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí òun tó mọ̀ pé òun tó nǹkan, ìdọ̀bálẹ̀ ẹlòmíì ló fi ń dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tó ta kókó

Ẹ má sá fún ìbéèrè yìí: ṣé kì í ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni Ṣólàárín fẹ́ gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ní Mólúsì? Ó ku díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí tó mú ọmọ wá síbẹ̀ kò bá a ṣe àdéhùn pé kó mú àdúrà kúrò. Lójú tèmi, kíkúrò tó kúrò níbẹ̀ ló yọ ọ́. Òbí tó mú ọmọ lọ sí Mayflower mọ irú ilé-ìwé tó jẹ́ kó tó sanwó.

Ìgbéléwọ̀n

1. Nínú ìtàn ọmọbìnrin tó kọ̀ láti dáwó, ta ló san gbèsè?
2. Ká ní Ṣólàárín fi ipá dúró sí Mólúsì, kí ni ìwọ á pè é?

Iṣẹ́ àmúrelé

Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé nípa ẹnì kan ní àdúgbò tó kọ ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Kọ ojú ewé kan nípa ohun tó ná an àti ohun tó ná àwọn ará ilé rẹ̀. Má kọ orúkọ ẹni náà.