"Ẹ Kú Oòrùn" Nìkan Kò Tó: Ooru Ìlú Ńlá àti Àwọn Oníṣòwò Etí Títì

Kò sí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. Bí a bá kan ìyá tó ń tajà nínú oòrùn, a ó ní, "Ẹ kú oòrùn o, ajé á wọ igbá." Wọn á ṣe àmín, wọn á nu ojú wọn, a ó sì kọjá lọ. Ìkíni yìí dára, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìfaradà ni a fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, mo fẹ́ kí a wo ohun tí ooru ń ṣe fún ẹni tó ń pàtẹ sí etí títì, kí a lè rí i pé ibòji, omi àti ibi tí ènìyàn lè tọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ohun tí ooru ń ṣe nínú ara

Nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara ènìyàn ń fẹ́ wà. Bí ooru bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ara á làágùn. Kì í ṣe òógùn fúnra rẹ̀ ló ń mú ara tutù o. Gbígbẹ tí ó ń gbẹ lọ lára ló ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyí tí ooru Èkó fi yàtọ̀ sí ti Òkè Ọya tí a wà yìí. Ní Èkó, ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ara, ooru á há sínú. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ìwọ̀n ooru sábà máa ń kọjá 40 ní Sókótó àti Maidúgùrì, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn ń gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Omi ara á máa tán lọ, ẹni náà kò sì ní fura.

Orí fífọ́, òòyì àti iṣan tó ń fà ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ibòji, kí ẹ fún un ní omi tí iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ó dákú, ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Àwọn kan á ní ibà ni. Parasitamọ́ kì í mú irú ara gbígbóná yìí wálẹ̀.

Ìlú ńlá tún ń fi tirẹ̀ kún un. Páànù, kọnkéré àti títì ọlọ́dà á mu oòrùn láti àárọ̀, wọ́n á wá máa tú u jáde lálẹ́. Ẹni tí oòrùn ti pa lọ́sàn-án á wá sùn sínú yàrá tó gbóná bí ààrò.

Omi lórí, òùngbẹ lọ́fun

Ẹ wo ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá. Omi tó rù lè pa òùngbẹ odindi kíláàsì kan, síbẹ̀ èyí tí òun bá mu, èrè ló mu yẹn. Ti alákàrà tún le: oòrùn lẹ́yìn, epo gbígbóná níwájú.

Èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta ni ti ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń tajà ní gbangba ló ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún omi láti àárọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n lè tọ̀ sí. Ọkùnrin lè kọjú sí ògiri (bí wọ́n tilẹ̀ kọ "Má ṣe tọ̀ síbí" gàdàgbà sára rẹ̀!). Obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìtọ̀ olówó bá tiẹ̀ wà, ta ni yóò bá wọn ṣọ́ àtẹ? Nítorí náà, wọn á pa òùngbẹ mọ́ra. Ìtọ̀ á pọ́n, á máa ta wọ́n. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kíndìnrín ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ti aboyún burú jù, nítorí ooru líle lè mú kí ó bímọ láìtọ́jọ́.

Ọjà náà kò sì dúró. Tòmátì tó le láàárọ̀ á rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ á rọ, ẹja á yí padà. Àwọn oníbàárà á ti sá sínú ilé. Nígbà tí wọn yóò fi jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó pàtẹ á ti máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e ní ìdajì owó. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la mọ àṣírí yìí jù. Àkókò yẹn gan-an la máa ń lọ ra tòmátì.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Sàró

Ẹlòmíràn á ní ìyà tálákà nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a wo Freetown ní Sàró. Ìlú yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa: ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther lọ ní ọdún 1822 nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, Aku ni wọ́n sì ń pe àwọn Yorùbá ibẹ̀, nítorí pé "ẹ kú" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Etí òkun ni, ooru rẹ̀ jọ ti Èkó. Ní ọdún 2021, olórí ìlú náà, Yvonne Aki-Sawyerr, yan Eugenia Kargbo láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ooru. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Áfíríkà. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n ta ìbòrí sórí ọjà gbangba mẹ́ta, níbi tí obìnrin ti pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà, wọ́n sì so iná tó ń lo agbára oòrùn mọ́ ọn kí wọ́n lè máa ríran tajà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nílẹ̀ tiwa, ọkọ̀ agbófinró tó wá kó àtẹ àti agbòjò lọ ni alátẹ mọ̀.

Ìbòrí kò lè dá owó ọjọ́ tó bàjẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gba owó oṣù kò lè jókòó sílé. Nínú ìṣirò tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018, ó lé ní 85 nínú òṣìṣẹ́ 100 ní Áfíríkà tó wà nínú irú iṣẹ́ àdáṣe tí kò ní ààbò òfin bẹ́ẹ̀. Ní Índíà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń jẹ́ SEWA, tí Ela Bhatt dá sílẹ̀ ní Ahmedabad ní ọdún 1972, ti bá àwọn adójútòfò ṣe àdéhùn pé bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n kan, kí wọ́n san owó fún obìnrin náà láìbéèrè ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2024, ó lé ní 40,000 obìnrin tó gba owó náà. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó bá wọn nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò lówó adójútòfò, a kò sì lè ta ìbòrí sórí ọjà. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ̀ wà nínú ọgbà, ẹ̀rọ omi wà nínú ọgbà, ìta géètì sì ni àwọn ìyá tó ń bọ́ wa jókòó sí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí a yan ẹni méjì tí yóò lọ bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, kí oṣù kẹta tó wọlé.